Ẹ Bi Wá: Kí ni kòkòrò egbò Bùrúlì ń jẹ?

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí egbò Bùrúlì, àrùn awọ tí kòkòrò Mycobacterium ulcerans ń fà, pọ̀ tó láti fi gbogbo ojú ìwé yìí fún un. Ọwọ́ àwọn tó ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé, tàbí tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ni èyí tó pọ̀ jù ti wá. A ti yọ orúkọ kúrò, a sì ti gé àwọn tó gùn kúrú.

Ìbéèrè: Alábòójútó mi ní kí n fi Mycobacterium ulcerans ṣe iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé mi, pé kí n wo bó ṣe ń sọ oúnjẹ di agbára. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ìdí ikọ́ ẹ̀gbẹ ni owó ìwádìí wà. Ṣé iṣẹ́ tiẹ̀ wà nínú kòkòrò yìí tó lè gbé odidi ìwé ọ̀mọ̀wé? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Iṣẹ́ ibẹ̀ pọ̀ ju ẹni tó máa ṣe é lọ. Òótọ́ ni pé ìdí ikọ́ ẹ̀gbẹ ni owó wà, àmọ́ ibẹ̀ náà ni èrò wà: ohun tí ẹ bá rò lónìí, ẹnì kan ti lè kọ ọ́ lọ́dún tó kọjá. Ti Bùrúlì kò rí bẹ́ẹ̀. 1948 ni àwọn dókítà ní Australia tó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe kòkòrò yìí. Orúkọ agbègbè kan ní Uganda ni Bùrúlì tí a ń pe àrùn náà. Ìbàdàn tí ẹ ti ń kọ̀wé pàápàá wà nínú ìtàn rẹ̀: lẹ́yìn tí wọ́n sé odò kékeré kan nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1965, tó fi di adágún, ni egbò yìí bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára àwọn òyìnbó tó ń gbé inú ọgbà náà. Àwọn dókítà ibẹ̀ tẹ ìròyìn àwọn aláìsàn Ìbàdàn jáde ní 1976.

Ní ti oúnjẹ àti agbára, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí jíìnì rẹ̀. Ní 2007 ni wọ́n tẹ gbogbo jíìnì irú kan tó wá láti Ghana jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní Agy99. Wọ́n rí jíìnì bí 4,160, wọ́n sì tún rí 771 mìíràn tó ti bàjẹ́, tí àmì wọn ṣì wà ṣùgbọ́n tí wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ara Mycobacterium marinum, tó ń ṣe ẹja, ni M. ulcerans ti yà. Ó wá dà bí ẹni tó kó kúrò ní ilé olókè lọ sí yàrá kan, tó ń da ohun tí kò rí àyè fún nù. Ohun tó dànù yẹn gan-an ni iṣẹ́ yín. Kòkòrò tí ọ̀nà tó ń gbà rí agbára kò pọ̀ mọ́, ibi tí oògùn ti lè mú un á hàn.

Ó tún ní ẹrù kan tí kò jù nù, tó tiẹ̀ lọ gbà mọ́ra ni: plasmid pMUM001, òrùka DNA kan tó dá dúró lọ́tọ̀, tó gùn tó 174,000 lẹ́tà DNA. Jíìnì mẹ́ta péré, mlsA1, mlsA2 àti mlsB, ló gba èyí tó ju ìdajì rẹ̀ lọ. Àwọn ló ń kọ́ mycolactone, májèlé tó ń jẹ ẹran ara tí aláìsàn kì í sìí mọ ìrora. Kábọ́ọ̀nù 44 ló wà nínú mycolactone kan ṣoṣo. Ibi tí kòkòrò tó ń fà bí ìgbín ti ń rí gbogbo kábọ́ọ̀nù yẹn, àti ohun tó ń fi du ara rẹ̀ kó tó lè kọ́ ọ, tó ìwé ọ̀mọ̀wé kan fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àwa la fẹ́ yan, ibẹ̀ la máa yan.

Ìbéèrè: Oṣù kẹta rèé tí mo ti gbin kòkòrò yìí sórí Löwenstein-Jensen, oúnjẹ tí a fi ń gbin kòkòrò ní láàbù, n kò rí nǹkan kan. 32°C ni inkubétọ̀ wa wà. Kí ni mo ń ṣe tí kò dáa? — Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì, Ọ̀ṣun

Ìdáhùn: 32°C ló wà lójú ẹ̀rọ. Ṣé òun náà ló wà nínú rẹ̀? Inkubétọ̀ tó wọ́pọ̀ ní láàbù wa, ìgbóná nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe, kò lè mú nǹkan tutù. Lóṣù Kẹta, bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ amúlétutù kú, yàrá fúnra rẹ̀ lè gbóná dé 34 tàbí 35, inú inkubétọ̀ kò sì lè tutù ju yàrá tó wà lọ. Kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ kò ní bìkítà, 37 ló ń fẹ́ tẹ́lẹ̀. Eléyìí, láàárín 29 sí 33 ni tirẹ̀. Bó bá ti ń súnmọ́ 37, kì í hù mọ́. Ẹ wá tẹmómítà tó ń ṣàkọsílẹ̀ èyí tó ga jù àti èyí tó wálẹ̀ jù, kí ẹ ki orí rẹ̀ bọ ife omi láàárín pẹpẹ, kí ẹ máa kà á láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí òpin ọ̀sẹ̀ tí kò sí ẹnikẹ́ni ní láàbù wà nínú rẹ̀. Bó bá ń kọjá 33, inkubétọ̀ tó lè gbóná tó sì lè tutù lẹ nílò. Bí kò bá sí owó rẹ̀, ẹ gbé èyí tó wà lọ sí yàrá tí amúlétutù rẹ̀ kì í kú bí iná bá lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ká tó sọ̀rọ̀ sùúrù. Kòkòrò yìí máa ń lo nǹkan bí wákàtí 48 kó tó pín sí méjì, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀. Kí ẹyọ kan tó di mílíọ̀nù kan, ó gbọ́dọ̀ pín nígbà 20, ìyẹn 40 ọjọ́ bí gbogbo nǹkan bá dùn mọ́ ọn. E. coli tó ń pín ní ogún ìṣẹ́jú á ṣe iṣẹ́ kan náà kí wákàtí méje tó pé. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá kì í ṣe àpọ̀jù fún ohun tó wá tààrà láti ara egbò. Ẹ má ju ọ̀pá ìdánwò nù kí ọ̀sẹ̀ 12 tó pé.

Bó bá jẹ́ láti ara egbò lẹ ti mú un, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ fi fọ̀ ọ́. Sodium hydroxide tó lágbára tí a fi ń pa àwọn kòkòrò yòókù nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń pa púpọ̀ nínú M. ulcerans pẹ̀lú wọn. Oxalic acid 5% ni ọ̀pọ̀ ń lò, pàápàá níbi tí kòkòrò inú omi bíi Pseudomonas bá ti pọ̀. Ẹ má jẹ́ kó kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ fi omi iyọ̀ phosphate pa oró rẹ̀, kí ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Ohun tí ẹ mú lára aláìsàn náà, inú yìnyín ló yẹ kó wà bọ̀ láti ọsibítù. Bó bá máa ju ọjọ́ kan lọ kó tó dé, àfi kí ó wà nínú oúnjẹ ìgbélọ Dubos tó rọ̀, tí wọ́n ti fi oògùn PANTA sí.

Ágà tó bá wà nínú inkubétọ̀ fún oṣù méjì á gbẹ, èyí tó bá gbẹ kò ní hu nǹkan kan. Ẹ da 25 sí 30 mílílítà sínú àwo kọ̀ọ̀kan dípò 15, kí ẹ fi parafilm wé e, kí ẹ kó wọn sínú ọ̀rá tó ṣeé dì pa, kí ẹ sì gbé abọ́ omi kan sísàlẹ̀ inkubétọ̀. Ágà Middlebrook 7H10 kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá fi í sí ojú fèrèsé, tàbí tí ẹ sè é jù nínú ọ́tókíléèfù, formaldehyde á yọ nínú rẹ̀, ìyẹn ló sì ń pa kòkòrò yín kó tó bẹ̀rẹ̀. Inú òkùnkùn ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí.

Ẹ̀wẹ̀, bí nǹkan bá hù lọ́jọ́ kẹta, ẹ má yọ̀. Ẹ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí nutrient ágà ní 37°C fún wákàtí 48. Ohunkóhun tó bá hù níbẹ̀, àlejò ni. Ẹ ṣe èyí pẹ̀lú gbogbo omi kòkòrò yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun, kí ẹ fi àwọ̀ Ziehl-Neelsen wò ó lábẹ́ máíkíróskóòpù, kí ẹ sì fi PCR, ìdánwò tó ń wá DNA, wá IS2404, ègé DNA tí a fi ń dá kòkòrò yìí mọ̀. Ó ju igba ẹ̀dà IS2404 lọ tó wà nínú jíìnì kòkòrò yìí, ìdí nìyẹn tí PCR náà fi ń rí i bó ti wù kó kéré tó.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ mọ ohun tí kòkòrò náà ń jẹ. Mo fi glucose sínú ìkòkò Middlebrook 7H9 (oúnjẹ olómi tí a fi ń gbin kòkòrò) kan, glycerol sínú òmíràn, n kò sì fi nǹkan kan sínú ìkẹta. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló hù bákan náà. Ṣé afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ni? — Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní, Èkó

Ìdáhùn: Ohun tí ẹ fún un láìmọ̀ ló ń jẹ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú irú iṣẹ́ yìí nìyí, ó sì ti wọ inú ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde. Ẹ mú ìgò 7H9 yín, kí ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀. Glutamic acid wà níbẹ̀, gíráàmù 0.5 nínú lítà kan. Sodium citrate wà níbẹ̀, gíráàmù 0.1. Bí ẹ bá fi àfikún oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní OADC sí i, oleic acid àti dextrose ti wọlé pẹ̀lú O àti D inú orúkọ rẹ̀. Albumin tó jẹ́ A, ọ̀rá máa ń lẹ̀ mọ́ ọn lára. Tween 80 tí ẹ ń fi sí i kí kòkòrò má bàa dì pọ̀, oleic acid ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn kòkòrò ìdílé yìí mọ bí wọ́n ṣe ń gé e jẹ. Ìkòkò kẹta tí ẹ ní ó ṣófo yẹn, oúnjẹ bíi mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ po oúnjẹ yín fúnra yín. Èyí tí àwọn oníkọ́ ẹ̀gbẹ ń lò ṣeé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Nínú lítà omi kan: KH2PO4 gíráàmù 1, Na2HPO4 gíráàmù 2.5, ammonium sulphate gíráàmù 0.5, MgSO4 gíráàmù 0.5, ferric ammonium citrate mílígíráàmù 50, CaCl2 mílígíráàmù 0.5, ZnSO4 mílígíráàmù 0.1. Ẹ jẹ́ kí pH rẹ̀ wà ní 7.0. Ẹ fi tyloxapol 0.05% dípò Tween 80. Ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kòkòrò kì í sì í jẹ ẹ́. Bí ẹ bá nílò albumin, èyí tí wọ́n ti fọ ọ̀rá kúrò lára rẹ̀ ni kí ẹ rà. Ó wọ́n, a mọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ́ọ́kú á ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Citrate díẹ̀ ṣì wà pẹ̀lú irin inú oúnjẹ yìí o. Ìdí nìyẹn tí ìkòkò tí kò sí oúnjẹ kankan nínú rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wà nínú gbogbo ìdánwò, kí ẹ lè yọ ohun tó bá hù níbẹ̀ kúrò.

Glucose, 0.2% ti tó. Cholesterol kò ní yòrò nínú omi lásán: ẹ dà á pọ̀ mọ́ tyloxapol àti ethanol tó dọ́gba, mílígíráàmù 100 nínú mílílítà kan, kí ẹ mú un gbóná dé 80°C títí tó fi máa mọ́ gaara, kí ẹ sì fi sínú oúnjẹ nígbà tó ṣì gbóná kó fi jẹ́ 0.01% lápapọ̀. Ẹ tún fi ethanol àti tyloxapol nìkan sínú ìkòkò kan, torí ethanol pàápàá lè di oúnjẹ.

Kí ẹ tó gbé kòkòrò sínú oúnjẹ tuntun, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú omi iyọ̀ phosphate tó ní tyloxapol, kí ẹ sì fi ebi pa á fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Irú kòkòrò yìí máa ń tọ́jú ọ̀rá sínú ara. Bí ẹ kò bá jẹ́ kó jẹ èyí tó tọ́jú tán, á pín lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì nínú omi tí kò sí nǹkan kan, ẹ ó sì rò pé ẹ ti rí ohun ìyanu.

Ẹ má gbára lé OD600, ìyẹn bí omi kòkòrò ṣe ń dí ìmọ́lẹ̀ tó, nìkan láti mọ bó ṣe ń hù. Kòkòrò yìí máa ń dì bí ẹ̀bà tí kò jinná. Ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ dígí mílímítà 3 gbọ̀n ọ́n, kí ẹ jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ fa ti òkè. Inú kábíníẹ̀tì ààbò ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ sì dúró díẹ̀ kí ẹ tó ṣí ìdérí, torí ìrì tó ń fò jáde. Kíka CFU, ìyẹn iye kòkòrò alààyè tó hù lórí ágà, á gbà yín tó oṣù méjì sí mẹ́ta, nítorí náà ẹ fi wíwọn ATP, èròjà tó ń gbé agbára nínú kòkòrò, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ luciferase ṣe kòǹgẹ́ rẹ̀: ọjọ́ kan náà ni èsì rẹ̀ ń jáde. Ṣùgbọ́n bí oògùn tí ẹ ń dán wò bá ń dí ọ̀nà èémí kòkòrò, ATP á wálẹ̀ láìjẹ́ pé kòkòrò ti kú. Níbẹ̀, àfi CFU.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí kábọ́ọ̀nù glucose wọlé sí, ẹ ra èyí tí gbogbo kábọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ kábọ́ọ̀nù 13. Kì í ṣe èyí tó ń tú ìtànṣán. Ó kàn wúwo díẹ̀ ni, mass spectrometer, ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo èròjà, sì lè kà á. Ẹ ṣírò àkókò dáadáa. Kí èyí tí kò ní àmì tó wálẹ̀ dé 3%, kòkòrò gbọ́dọ̀ pín nígbà márùn-ún, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá nìyẹn. Ẹni tó fi wákàtí mẹ́rin ṣe é nítorí pé ìwé àwọn oní-E. coli sọ bẹ́ẹ̀ kò ní rí nǹkan kan tó ṣeé túmọ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kó o, ẹ má gbé e sínú centrifuge, ẹ̀rọ tó ń yí bírí láti fi kó kòkòrò jọ sísàlẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni ATP fi ń yí padà; ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ẹ̀rọ, ebi atẹ́gùn ti pa kòkòrò náà, ohun tí ẹ máa wọ̀n sì jẹ́ ìpayà rẹ̀, kì í ṣe ìjẹun rẹ̀. Orí filter 0.22 micron tó wà lórí ágà ni kí ẹ ti gbìn ín, kí ẹ fi fọ́sẹ́ẹ̀pù gbé filter náà lódindi sínú acetonitrile 40, methanol 40 àti omi 20 tó ti tutù dé ìwọ̀n 40 lábẹ́ òdo. Yìnyín gbígbẹ ṣòro láti rí lọ́pọ̀ ìlú wa. Ẹ gbé irin pẹlẹbẹ tó nípọn sínú fíríìsà 80 lábẹ́ òdo mọ́jú, kí ẹ gbé àwo omi ìpaná náà (àdàpọ̀ tútù yẹn, tó ń dá iṣẹ́ inú kòkòrò dúró lójijì) lé e lórí. Ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ zirconia mílímítà 0.1 fọ́ ọ, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì gbin díẹ̀ nínú rẹ̀ láti rí i dájú pé kò sí ohun alààyè níbẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí láàbù tó ní mass spectrometer.

Ìbéèrè: Mycolactone mi ń pòórá. Bí mo bá yọ ọ́ lónìí ó wà, bí mo bá wò ó lọ́sẹ̀ méjì sí i kò sí mọ́. — Olùṣèwádìí, Cotonou

Ìdáhùn: Ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà lọ. Ìmọ́lẹ̀ ń bà á jẹ́. Rọ́bà ń fà á mọ́ra. Ìkẹta ni èyí tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí: kòkòrò fúnra rẹ̀ ti dẹ́kun ṣíṣe é.

Ẹ yọ ọ́ pẹ̀lú chloroform méjì sí methanol kan, kí ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ da acetone tó tutù bí yìnyín sí i kí àwọn ọ̀rá phospholipid lè dì sísàlẹ̀; inú acetone ni mycolactone máa wà. Inú ethanol ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, nínú ìgò dígí aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí ẹ fi bébà fàdákà wé, ní ìwọ̀n 20 lábẹ́ òdo. Tíúbù Eppendorf kò dára fún un rárá. Lórí mass spectrometer, ẹ wá ìwọ̀n (m/z) 765 fún mycolactone A/B pẹ̀lú sodium. Bó bá jẹ́ kòkòrò Australia lẹ ń lò, ẹ wá 749, torí mycolactone C ni wọ́n ń ṣe.

Ní ti ìkẹta: kíkọ́ májèlé yẹn ń ná kòkòrò lówó, nínú láàbù kò sì sí ara ẹni tó fẹ́ bá jà. Bí ẹ bá ń gbìn ín láti àwo dé àwo, àwọn tí jíìnì mls wọn ti bàjẹ́ á máa borí díẹ̀díẹ̀. Àwọ̀ ìyeyè wọn á ṣí. Ẹ di ìgò púpọ̀ láti ìgbìn àkọ́kọ́ pamọ́ sínú glycerol 20% ní ìwọ̀n 80 lábẹ́ òdo, kí ẹ kọ iye ìgbà tí ẹ ti gbìn ín sára ìgò kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi kòkòrò tí ẹ ti gbìn lágbìntúngbìn wé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìsà. Irú oúnjẹ náà ń yí iye mycolactone padà, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 fi hàn bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má yí oúnjẹ padà láàárín iṣẹ́.

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi ti lo ọdún kẹrin lórí kòkòrò yìí, ó ní òun kò tíì parí. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò ni? Kí ni mímọ oúnjẹ kòkòrò fẹ́ ṣe fún aláìsàn? — Bàbá kan, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Bí ìdánwò kan bá gba oṣù mẹ́ta kí èsì tó jáde, ọdún mẹ́ta kò ju ìdánwò méjìlá lọ bí wọ́n bá tò tẹ̀lé ara wọn. Bí iná bá ba méjì nínú wọn jẹ́, oṣù mẹ́fà ti lọ. Ọdún mẹ́rin kò pọ̀.

Ní ti ìwúlò rẹ̀, ẹ gbọ́ èyí. Kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ọ̀nà méjì tó ń gbà fi atẹ́gùn ọ́síjìn parí iṣẹ́ agbára rẹ̀. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní telacebec, tàbí Q203, tó ń dí ọ̀nà kan. Bó bá dí i, kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ á gba ọ̀nà kejì, èyí tí wọ́n ń pè ní cytochrome bd, á dẹwọ́ ṣùgbọ́n kò ní kú. Àwọn tó ń yẹ jíìnì M. ulcerans wò rí i pé ọ̀nà kejì yẹn ti bàjẹ́ lára àwọn tó ń ṣe ènìyàn ní Áfíríkà àti Australia. Ní 2018 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé ìwọ̀n telacebec tó kéré jọjọ ń pa á, nínú láàbù àti lára eku. Ohun tí kòkòrò pàdánù láìmọ̀ ló di ìkẹ́kùn fún un. Ẹni tó ń kọ́ nípa oúnjẹ àti èémí kòkòrò ló rí i. Ẹni tó kàn ń da oògùn lé kòkòrò lórí láti wo èyí tó máa pa á kì bá tí mọ ìdí tí telacebec fi ń pa èyí tó sì ń dá ti ikọ́ ẹ̀gbẹ sí. Àwọn kòkòrò ìdílé kan náà láti Japan kò pàdánù rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọmọ yín fi gbọ́dọ̀ mọ ìlú tí kòkòrò inú fíríìsà rẹ̀ ti wá.

Ìbéèrè: Kókó kan yọ sí apá ọmọ mi ọdún mẹ́fà. Kò dùn ún. Ara ilé ní kí a máa fi omi gbígbóná jó o. Ṣé kí a dúró de oògùn tuntun tí wọ́n ń sọ? — Ìyá kan, Ìmẹ̀kọ

Ìdáhùn: Ẹ má dúró, màmá. Oògùn tó ń wò ó ti wà. Kókó tí kò dùn, awọ tó le pẹlẹbẹ, tàbí apá tó wú láìsí ọgbẹ́, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí dókítà rí i, kó tó ya. Bó bá ti di egbò, etí rẹ̀ máa ń ṣófo lábẹ́, abẹ́ etí yẹn ni wọ́n sì ti ń fi òwú mú ohun tí wọ́n máa fi ṣe PCR. Bí kò bá tíì ya, abẹ́rẹ́ tínrín ni wọ́n máa ń lò. Ilé ìwòsàn tó wà fún egbò yìí ní Pobè, lódìkejì bodè ní Benin, ti ń tọ́jú àwọn ará Ògùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ ládùúgbò náà. Ẹ tún lè béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ẹ̀tẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Ìtọ́jú tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ: rifampicin mílígíráàmù 10 fún kílò kan, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, àti clarithromycin mílígíráàmù 7.5 fún kílò kan, láàárọ̀ àti lálẹ́. Fún ọmọ tó wọn 20 kílò, ìyẹn jẹ́ 200 rifampicin, àti 150 clarithromycin lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà ló máa kọ ọ́, ẹ má lọ rà á fúnra yín. Ìtọ̀ á pupa, rifampicin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú egbò lè dà bí ẹni pé ó ń burú sí i láàárín ìtọ́jú. Ẹ sọ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ má dá oògùn dúró.

Ní ti omi gbígbóná: òótọ́ ni pé kòkòrò yìí kórìíra ooru, àwọn dókítà ti lo àpò ìgbóná tó wà ní bí 40°C láti wo egbò náà ní Cameroon, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ló gbà lójoojúmọ́, pẹ̀lú ohun tí kì í gbóná ju ìwọ̀n lọ. Omi orí iná á bó ọmọ lára.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè lo M. marinum dípò rẹ̀, kí n lè tètè parí? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlọrin

Ìdáhùn: Fún kíkọ́ ọwọ́ yín, bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló fi ń hù ní 30 sí 32°C, ẹ sì lè fi dán filter, omi ìpaná àti mass spectrometer wò lẹ́ẹ̀mẹwàá kí M. ulcerans tó hù lẹ́ẹ̀kan. Ó tún dára fún gbígbé jíìnì wọlé. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí M. ulcerans dànù ṣì wà lára rẹ̀. Cytochrome bd rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, jíìnì tó ń fún un ní àwọ̀ ìyeyè nínú ìmọ́lẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá wọn èémí M. marinum tó wá kọ ọ́ sínú ìwé pé bẹ́ẹ̀ ni ti Bùrúlì, olùdánwò tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dá ìwé náà padà. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ààbò yunifásítì yín irú yàrá tí M. ulcerans nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: Britain kà á mọ́ àwọn kòkòrò ẹgbẹ́ kẹta, bíi ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, M. marinum kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lọ parí iṣẹ́ yín níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ìdálẹ́kọ̀ọ́ wíwọ yàrá náà nìkan lè jẹ oṣù kan nínú rẹ̀.